Ká Dán An Wò Ká Tó Gbà Á Gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé oṣooṣù. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá, àti fún àwọn tó ní ká tún un sọ.

  

Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ẹ lè ní ti àwọn ọmọ iléèwé ni. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Sáyẹ́ǹsì ti aṣọ funfun àti ìgò kọ́ là ń sọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì gan-an kò ju ọ̀nà tí èèyàn fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún un tàbí irọ́. Ta ló sì ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tó àwa ọlọ́jà? Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tó ń ta lẹ́búlẹ́bú kòkòrò ẹ̀wà á ti dé. Bó bá lọ tán, ẹni tó ń ta àgbo ọgọ́rùn-ún àìsàn á dé. Ẹni tó ní ike kan wà tí tòmátò kì í bàjẹ́ nínú rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ló ní ẹlẹ́rìí: "Lágbájá lò ó, ó ṣiṣẹ́ fún un." Owó wa ni wọ́n ń gbà lọ. Nígbà mìíràn ó tún ju owó lọ, ìlera ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tí a tà ni.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwa tí ọjà jẹ́ tiwa ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí jù. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe lè máa yẹ òtítọ́ wò, bí a ti ń yẹ owó tuntun wò.

Ó LÒ Ó, ÓWÓ DÉ: ṢÉ OHUN TÓ LÒ LÓ MÚ UN DÉ?

Ká ní ẹnìkan ra ọṣẹ àwúre ní ìparí oṣù kọkànlá. Ó fi wẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá, ọjà rẹ̀ ti ń tà wàràwàrà. Ó wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọṣẹ náà jẹ́. Kò parọ́ o. Ó lò ó lóòótọ́, ọjà sì tà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n oṣù wo la wà? Ṣebí ọdún Kérésì ló ń bọ̀. Ta ni ọjà rẹ̀ kì í yá lásìkò yẹn? Bí a bá fẹ́ mọ òótọ́, ìsọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ló yẹ ká wò, ẹni tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà ní ìlà kan náà, tí kò ra ọṣẹ kankan. Bí ti ẹni yẹn náà bá yá bákan náà, ọdún ló tà á, kì í ṣe ọṣẹ. A kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí à ń sọ ni pé nǹkan méjì lè tẹ̀ lé ara wọn kí ọ̀kan má sì mọ nǹkan kan nípa èkejì. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá pa àkùkọ náà jẹ lálẹ́, ilẹ̀ á ṣì mọ́ láàárọ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó lò ó nìkan kò tó wò. A gbọ́dọ̀ rí ẹni tí kò lò ó tí a máa fi wé e. Àfiwé yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

DÓKÍTÀ INÚ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ẹnìkan tó ṣe irú àfiwé bẹ́ẹ̀. Láyé ijọ́un, àwọn atukọ̀ òyìnbó tó bá pẹ́ lójú òkun máa ń ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní scurvy. Èrìgì wọn á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa mì, agbára á tán lára wọn, ọ̀pọ̀ á sì kú. Oníkálùkù ló ní oògùn tó ń júwe. Àwọn kan ní fínígà ni, àwọn kan ní omi òkun ni. Gbogbo wọn ló ní "lágbájá lò ó."

Dókítà kan wà, James Lind, ọmọ Scotland, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Salisbury. Ní 20 May 1747, ó mú atukọ̀ 12 tí wọ́n ní àìsàn yìí. Ó wá àwọn tí àìsàn wọn jọra dé ibi tó lè jọra dé. Ibì kan náà ni ó kó wọn sí, oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Ó wá pín wọn ní méjìméjì, ọ̀nà mẹ́fà. Àwọn méjì ń mu ọtí èso apple lójoojúmọ́. Méjì ń gba omi ásíìdì tí wọ́n fi ń ṣe oògùn nígbà náà, ní ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀. Méjì ń mu fínígà. Méjì ń mu omi òkun. Méjì ń jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Àwọn méjì tó kù ń lá àpòpọ̀ kan tí aáyù àti èso mọ́sítádì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́fà, ọsàn ti tán nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn méjì tó jẹ ọsàn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́, èkejì sì ti gbádùn débi pé òun ni wọ́n ní kó máa tọ́jú àwọn aláìsàn yòókù. Àwọn tó mu ọtí èso apple sàn díẹ̀. Àwọn yòókù, kò sí àyípadà gidi kan.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Kò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Kò wo ojú ẹni tó mú oògùn wá, bóyá ọlọ́lá ni tàbí mẹ̀kúnnù. Ó jẹ́ kí gbogbo nǹkan dọ́gba, ó wá yí ohun kan ṣoṣo padà, ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ lásìkò kan náà. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń jẹ ọsàn tún ń jẹ ẹran tí àwọn yòókù kò jẹ ni, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́, ọsàn ni àbí ẹran.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò náà ní àléébù. Àwọn méjì tí Lind fún ní omi òkun wà lára àwọn tí àìsàn wọn le jù. Bí omi òkun bá tilẹ̀ lágbára díẹ̀, ṣé ó máa hàn lára wọn? Bí ẹ bá fi iyán gbígbóná sójú oòrùn, tí ẹ fi tútù síbi òjìji, ẹ ò lè fi èyí dájọ́ oòrùn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lónìí láti yẹra fún èyí ni pé wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké. Ọwọ́ wa kọ́ ló máa yan ẹni tó máa gba èyí tàbí ìyẹn. Kèké ni. Kèké kì í ṣojúsàájú, kò mọ ọmọ olóore. Àléébù kejì ni pé èèyàn méjìméjì kéré. Ẹni kan lè sàn fúnra rẹ̀ láìlo nǹkan kan.

Ohun tó dunni jù nínú ìtàn yìí rèé. Ní 1753 ni Lind tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ọdún 1795 ni ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún àwọn atukọ̀ wọn ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ọdún 42 gbáko! Lind ti kú ní 1794, kò rí i. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kú lójú òkun nígbà tí ohun tí ì bá wò wọ́n sàn wà nínú agbọ̀n ọlọ́sàn. Àwọn ọdún 1930 ni wọ́n sì tó mọ̀ pé fítámìn C inú ọsàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ rí i pé àyẹ̀wò tó péye lè sọ fún wa pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ ká tó mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.

ẸNI TÓ NÍ ÒUN MỌ̀ Ọ́N LẸ́NU

Ó tún ku ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn ọdún 1920, ìyáàfin kan, Muriel Bristol, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, sọ pé bí òun bá ti mu tíì, òun máa mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife tàbí tíì. Ronald Fisher tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé ó ṣeé dán wò. Ó wá fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń ṣètò àyẹ̀wò nínú ìwé tó gbé jáde ní 1935.

Ẹ jẹ́ ká fi gàrí sọ ọ́. Ká ní ẹnìkan láàárín wa ní òun lè fi ẹnu mọ gàrí Ìjẹ̀bú gidi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi orúkọ Ìjẹ̀bú tà. Bí a bá gbé abọ́ méjì síwájú rẹ̀, tó sì mọ̀ ọ́n, ṣé ó tó? Kò tó. Ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan lè fọwọ́ sí ọ̀kan nínú méjì kó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé abọ́ mẹ́jọ sílẹ̀, mẹ́rin jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, mẹ́rin kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tí a dà wọ́n pọ̀ láìtò, tí a ní kó yan mẹ́rin tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, ọ̀nà 70 ló wà tí èèyàn lè gbà yan mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló tọ̀nà pátápátá. Ẹni tó bá mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣì, ó ṣòro ká ní oríire lásán ni.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń tọ́ ọ wò kò gbọdọ̀ mọ èyí tó wà nínú abọ́ wo. Kò sì yẹ kí ẹni tó ń gbé abọ́ fún un náà mọ̀, torí ojú lè sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá ń dúnàádúrà, ojú rẹ̀ lẹ fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì máa fi kún owó.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀WÀ WA

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tó kan àpò wa. Kò sí oníṣòwò ẹ̀wà tí kòkòrò kò tíì pa lówó rí. Abo kòkòrò yìí á yé ẹyin sára ẹ̀wà, ọmọ rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọnú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù kan, á ti di kòkòrò tó ní ìyẹ́, á já ihò róbótó jáde. Torí náà ẹ̀wà lè mọ́ lójú lónìí kó sì jẹ́ pé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sáré lọ bá dichlorvos. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́, kòkòrò kú. Lóòótọ́, kòkòrò kú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi kò pé. Kì í ṣe "ṣé kòkòrò máa kú?" nìkan ló yẹ ká bi. "Ṣé kòkòrò máa kú kí ẹni tó máa jẹ ẹ̀wà sì wà láàyè pẹ̀lú àlàáfíà?" ni ìbéèrè. Ní June 2015, àjọ EU ti ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró lẹ́nu ibodè wọn. Òdiwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà jẹ́ 0.01 mílígíráàmù dichlorvos nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ní 2019, NAFDAC náà fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, 100ml sísàlẹ̀, tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà. Bí òyìnbó bá kọ̀ ọ́ padà, ta ló wá ń jẹ ẹ́? Àwa àti àwọn ọmọ wa ni.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn ará Cameroon ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí. Ibẹ̀ ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ti wá. Ọ̀rá méjì wà nínú, àpò líle wà níta. Bí a bá dì í pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, á sì kú. Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀.

Ìbéèrè tó wá kù fún wa ni pé, ṣé kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti wà nílé wa, tó ní ọmọrí tó le, lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ó lè ṣe é. Àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹ má jẹ́ ká jà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.

BÍ A ṢE FẸ́ ṢE É

1. A ó kọ àbá wa sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀wà inú kẹ́ẹ̀gì tí a dé pinpin kò ní níhò tó ti inú àpò lásán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta." Àbá ni, kì í ṣe àṣẹ. Ó lè já sí irọ́.

2. Inú àpò ẹ̀wà kan ṣoṣo la ó ti bù ú, ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa, torí ẹ̀wà tútù tí a dé pinpin á hu. A ó pò ó pọ̀ dáadáa kí tìsàlẹ̀ àti tòkè lè dọ́gba.

3. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 5 mẹ́rin, àpò mẹ́rin. A ó rọ ẹ̀wà kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, iye kan náà gan-an la ó wọ̀n sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì òróró jíjẹ tí a fọ̀ tó sì gbẹ ni o. Ẹ má mú kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà tàbí ti epo mọ́tò wá.

4. A ó pín ẹ̀wà náà sọ́nà mẹ́jọ. Kèké la ó ṣẹ́ láti mọ èyí tó máa wọ kẹ́ẹ̀gì àti èyí tó máa wọ àpò. Kèké náà ló máa sọ ibi tí kálukú máa wà nínú ìsọ̀ tí a bá kó wọn sí, kí gbogbo kẹ́ẹ̀gì má baà wà lọ́dọ̀ fèrèsé, kí gbogbo àpò sì wà lókùnkùn.

5. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tó bá ń ṣí i wò ń fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́.

6. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, akọ̀wé nìkan ló máa da ẹ̀wà sínú abọ́ mẹ́jọ tó jọra, á kọ A títí dé H sí wọn lára. Òun nìkan ló máa mọ èyí tó ti ibì kan wá. Àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn, tí wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń dà á, ló máa kà á. Nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan wọ́n á bu ẹ̀wà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, wọ́n á pò ó, wọ́n á ka 100 hóró, wọ́n á wá kọ iye tó níhò sílẹ̀.

7. A ó ti sọ ṣáájú ohun tó máa mú wa gbà. Bí mẹ́rin tí ihò wọn kéré jù bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ abọ́ gàrí mẹ́jọ ni yẹn, ọ̀kan nínú 70 ni pé kó jẹ́ oríire lásán. Ṣùgbọ́n a ó tún wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ká ní kẹ́ẹ̀gì ní ihò 3 nínú 100, àpò ní 40, ìyẹn tó ohun tí èèyàn ń náwó sí. Bó bá jẹ́ 19 àti 21, a ò ní tìtorí ẹ̀ wá kẹ́ẹ̀gì kiri.

Bó bá já sí pé kẹ́ẹ̀gì kò ṣiṣẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí bákan náà. Ẹni tó ń sọ ti èrè nìkan tí kò sọ ti àdánù, ọ̀rẹ́ wa kọ́. Bó bá sì ṣiṣẹ́, ẹ má tíì sọ pé ó ti parí. Ẹ̀wà ló ṣiṣẹ́ fún, a ò tíì mọ ti àgbàdo. Ọjà tiwa ni, a ò tíì mọ ti ibòmíràn. Ká ní kí ọjà mìíràn náà ṣe é, bóyá tiwọn á bá tiwa mu.

ÀWỌN ÌYÁ WA TÓ TI PẸ́

A mọ̀ pé ìyá kan lè sọ pé, "Láti ìgbà tí mo ti ń ta ẹ̀wà, ẹ ò tíì bí yín, kí lẹ fẹ́ kọ́ mi?" Ìyá wa, ẹ má bínú. Láìsí ìrírí yín, a ò lè mọ ohun tó yẹ ká dán wò. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ní àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ iléèwé, ìyá àgbà ni. Ìrírí ló ń mú àbá wá. Àyẹ̀wò ló ń ya èyí tó jẹ́ òótọ́ sọ́tọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọjà ìyanu wá sí ìsọ̀ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Kí lo fi wé? Mélòó lo dán an wò lára wọn? Ta ló yan ẹni tó lò ó? Ṣé ẹni tó ka èsì mọ èyí tó jẹ́ tìẹ? Ẹni tó bá ní ìdáhùn, ẹ jókòó tì í. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ jẹ́ kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìdá mẹ́jọ ẹ̀wà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, àpò mẹ́rin, àti ẹni tó máa yọ̀ǹda igun kan nínú ìsọ̀ rẹ̀: ìwọ̀nba ohun tí à ń wá nìyẹn. Àwọn oníṣòwò ẹ̀wà tó bá fẹ́ dá sí i, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ la ó ti ṣẹ́ kèké.

Ọjà á tà o. A ò ní ta àdánù, a ò sì ní ta àìsàn fún ẹnìkejì wa.